Àpótí Oníkọ́kọ́rọ́ Méjì

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. A ò tíì jókòó tán ní ọ́fíìsì wa, yàrá kan ṣoṣo lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbàdàn, nígbà tí fóònù dún. Àǹtí Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí a máa ń bá ṣiṣẹ́ ló pè. Wọn ò kí wa, wọn ò béèrè bí a ṣe jí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbà mí o. Owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti di 45,000 náírà."

A kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. A ṣí kọ̀ǹpútà, a wò ó. Kì í ṣe àwàdà. Ọmọ ẹgbẹ́ 412 ló wà nínú àtẹ náà. Ìyá tó ń ta gàrí, tó ti ń fi owó pamọ́ láti ọdún mẹ́fà: 45,000. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ẹgbẹ́ lóṣù tó kọjá, tí kò tíì san ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: 45,000. Bàbá Alága fúnra wọn: 45,000. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí olówó, kò sí tálákà nínú ẹgbẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ká má fi ibì kankan pamọ́.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣiṣẹ́. Yunifásítì kan náà la ti kàwé, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la kà, gbogbo wa sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ètò tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké á fi máa ṣe ìṣirò wọn lórí kọ̀ǹpútà là ń kọ. Ẹgbẹ́ yìí gbé iṣẹ́ fún wa nítorí pé ìwé lẹ́jà tí eku ń jẹ ti sú wọn. A kọ ojú ewé tí wọ́n á ti máa fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, a kọ èyí tí wọ́n á ti máa gba owó wọlé. Èyí tí wọ́n á ti máa tún àṣìṣe ṣe ló kù. Owó iṣẹ́ náà ò tó, iṣẹ́ mìíràn sì ń pè wá. A wá dá ọgbọ́n kan. A ní kí wọ́n máa gba ojú phpMyAdmin wọlé lọ tún un ṣe fúnra wọn, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn di oṣù mẹ́jọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, inú dátábéèsì ni irú àkọsílẹ̀ báyìí ń gbé. Èyí tí àwa lò ni MySQL, tí wọ́n gbé jáde ní Sweden lọ́dún 1995. "My" tó wà níbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, orúkọ ọmọbìnrin Michael Widenius, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ni. MySQL fúnra rẹ̀ kò lójú, kò nímú. Èèyàn á máa kọ àṣẹ sí i ni, lẹ́tà lẹ́tà. Ní 1998, Tobias Ratschiller bẹ̀rẹ̀ phpMyAdmin kí èèyàn lè máa ti ojú browser rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó máa fi ọwọ́ tẹ ohun tó bá fẹ́. Ojú fèrèsé ni. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á rí inú yàrá. Bí wọ́n bá sì fún un láṣẹ, á na ọwọ́ wọlé.

Òǹlò kan wà nínú MySQL tó ń jẹ́ root. Gbòǹgbò ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ sì ń ro ó. Kò sóhun tí root ò lè ṣe. Ó lè kà, ó lè kọ, ó lè pa rẹ́, ó lè wó gbogbo ilé palẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Pásíwọ́ọ̀dù root yìí la kọ sórí bébà, tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Alága ní in. Akápò ní in. Àǹtí Akọ̀wé ní in. Ọmọ tó máa ń wá bá wọn tẹ ìwé lásìkò ìsinmi, òun náà ní in.

Kí ló dé tí a ò fi yà á sọ́tọ̀? Ọ̀lẹ ni, kò sí nǹkan mìíràn. Láti fún ẹnì kan ní root, ìṣẹ́jú kan. Láti jókòó ronú pé kí ni Akápò nílò, kí ni Akọ̀wé nílò, kí ni kò yẹ kó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, odidi ọjọ́ méjì. A wá ń pe ọ̀lẹ wa ní ìfọkàntán. Bí ẹnì kan bá béèrè, àá ní, "Ṣebí ara wa ni wá."

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní wọ́n ṣi owó òun kọ. Àǹtí Akọ̀wé tẹ̀ wá láago, àwa sì wà níbi ìgbéyàwó kan. Láàárín ariwo ìlù, a fi àṣẹ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, ìlà méjì:

UPDATE omo_egbe SET owo = 45000
WHERE nomba = 117;

Ìlà kìíní ní kí owó di 45,000. Ìlà kejì ló sọ owó ta ni: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 117. Àǹtí ń wo fóònù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe tẹ ìlà kìíní tán, ẹnì kan pè wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n rò pé àwọn ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán. MySQL kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Bí o ò bá sọ owó ta ni, owó gbogbo ayé ni. Àǹtí ní nǹkan kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó bi àwọn bóyá ó dá àwọn lójú, àwọn sì tẹ OK. Ta ló máa bá wọn wí? Ojoojúmọ́ ni nǹkan ń yọ lójú kọ̀ǹpútà tó ń bini bóyá ó dáni lójú.

Ẹ̀dà ìpamọ́ gbà wá díẹ̀. Alaalẹ́ ni server wa máa ń da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ síbòmíràn. Ẹ̀dà alẹ́ Sátidé àti ti alẹ́ Sọ́ńdè ti gba àṣìṣe náà mọ́ra. Ti alẹ́ Fúráìdè nìkan ló mọ́. A gbé e padà. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n gbà ní Sátidé fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni ọjọ́ ìpàdé, ọjọ́ tí owó ń wọlé jù. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa kejì ti yọjú. Àpapọ̀ owó ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan la ń tọ́jú. A ò kọ bó ṣe wọlé. Kò sí ibì kankan nínú kọ̀ǹpútà tí a ti lè kà pé lọ́jọ́ báyìí, lágbájá san iye báyìí.

Káàdì ló yọ wá. Ẹni tó bá mọ àjọ ojoojúmọ́ á mọ irú káàdì yìí, èyí tí wọ́n fi ìlà pín sí ilé kéékèèké mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí aláájọ á máa fàmì sí bó bá ti gba owó. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ti aláájọ, ìyókù ti olówó. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀kan wà lọ́wọ́ olówó, aláájọ náà ní tirẹ̀. Aláájọ lè fàmì tuntun sí i. Kò lè wọ inú àpò ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ pa àmì àná rẹ́. Ẹgbẹ́ yìí ò tíì jáwọ́ nínú káàdì, bí a tilẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó lọ́jà, tí à ń gba káàdì lọ́wọ́ ìyá kan tẹ̀ lé ìyá kan, tí à ń tẹ owó Sátidé padà sínú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa dé ọjà. Nígbà tó máa di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé owó ẹgbẹ́ ti pòórá. Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n pe Àǹtí Akọ̀wé síwájú. Ẹnì kan béèrè pé ẹni tó lè sọ owó gbogbo ènìyàn di 45,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé kò ti máa yí tẹnì kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Wọ́n wá kọjú sí wa: ṣé ẹ lè wo inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí obìnrin yìí ti ṣe láti oṣù mẹ́jọ fún wa?

A ò lè sọ. Root ni gbogbo wọn ń jẹ́ níbẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kò sí bí a ṣe lè fi hàn pé Àǹtí jẹ̀bi. Èyí tó burú jù ni pé kò sí bí a ṣe lè jẹ́rìí pé ọwọ́ Àǹtí mọ́.

A dákẹ́. Ó yẹ ká sọ èyí, nítorí òun gan-an ló mú wa jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwa mẹ́ta tó kàwé jókòó síbẹ̀, à ń wo Àǹtí tó ń fi ìborùn nu ojú, a sì ń ṣírò owó iṣẹ́ tí wọn ò tíì san fún wa. Ẹni tó kéré jù nínú wa ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àdá la fún Àǹtí láti fi gé èékánná. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá jáde, ẹ bi àwa tí a gbé àdá lé wọn lọ́wọ́." Ìgbà yẹn ni àwa méjì yòókù tó dìde.

Wọn ò lé Àǹtí. Wọn ò lé àwa náà, àmọ́ wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ni pé phpMyAdmin fúnra rẹ̀ kì í ní àṣẹ tó ń pín. Orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ bá tẹ̀ sí i, MySQL ló ń gbé e lọ bá. Ohun tí MySQL bá gbà fún orúkọ yẹn, òun náà ni phpMyAdmin á jẹ́ kó ṣe. Àkọsílẹ̀ tí kò bá láṣẹ lórí rẹ̀, kò ní í rí i. Nítorí náà, bí èèyàn bá kàn gbé bọ́tìnnì pamọ́ lójú kọ̀ǹpútà, kò tíì ti ilẹ̀kùn. Aṣọ ló ta síbẹ̀.

A dá orúkọ sílẹ̀, orúkọ kan fún ènìyàn kan. Lẹ́yìn náà la wá pín àṣẹ. SELECT ni àṣẹ à ń wò. INSERT ni àṣẹ à ń fi kún. UPDATE ni àṣẹ à ń tún un kọ. DELETE ni àṣẹ à ń pa á rẹ́. Ti Alága rọrùn jù, wíwò nìkan:

GRANT SELECT ON egbe.* TO 'alaga'@'localhost';

Àǹtí Akọ̀wé lè wò ó, wọ́n lè fi ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kún un. Tó bá di ti títún kọ, MySQL gbà kí àṣẹ mọ sórí òpó kan tàbí méjì nínú àtẹ, nítorí náà nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì nìkan la fi sí ìkáwọ́ wọn:

GRANT SELECT, INSERT, UPDATE (foonu, adiresi) ON egbe.omo_egbe TO 'akowe'@'localhost';

Ní ti owó, a dá àtẹ tuntun sílẹ̀, tí gbogbo owó tó bá wọlé tàbí tó bá jáde á ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Akápò àti Akọ̀wé lè fi ìlà kún un. Kò sẹ́ni nínú wọn tó lè tún ìlà tó ti wọlé kọ, kò sì sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, ìlà tuntun ni wọ́n á fi ṣàtúnṣe, bí àwọn oníṣirò owó ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Àpapọ̀ owó, kọ̀ǹpútà á máa rò ó fúnra rẹ̀. Ká má parọ́, káàdì aláájọ la dà kọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà tí a ò kọ fún ẹnikẹ́ni: WITH GRANT OPTION. Ẹni tó bá ní in lè pín irú àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Yàtọ̀ sí pé ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ tún fún un ní alágbẹ̀dẹ tó ń rọ kọ́kọ́rọ́. Níkẹyìn, a kọ AllowRoot sí false nínú ètò phpMyAdmin, kí root má lè gba ojú fèrèsé yẹn wọlé mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú server ló mọ̀ pé àwọn ètò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn phpMyAdmin kiri lọ, kí wọ́n máa pe orúkọ root, bóyá ẹnì kan á ṣí i. A pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, a sì yọ bébà kúrò lára ògiri. Àwa fúnra wa náà ò fi root ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ mọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà parí láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó le ni ká gbé e dé iwájú àwọn àgbà.

Nígbà tí a ka àṣẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde fún ìgbìmọ̀, Bàbá Akápò, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Kò burú. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ àná wá ní mi ò lè fọwọ́ kan ohun tí èmi fúnra mi kọ. Ṣé olè lẹ rí ni?"

Ojú tì wá. Nílẹ̀ wa, ta ló fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà? A bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n: "Bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe pé a ò fọkàn tán yín." Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò dé ibì kankan. Bàbá Alága ló gbà á mọ́ wa lẹ́nu.

"Akápò, ṣé ẹ rántí àpótí irin tó wà ní ọ́fíìsì wa àtijọ́?"

Bàbá Akápò ní àwọn rántí.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ní?"

"Méjì."

"Ọwọ́ ta ni wọ́n wà?"

"Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Ẹnì kan ò lè dá a ṣí."

"Ṣé torí mo pè yín lólè ni?"

"Rárá o."

"Ọjọ́ tí wọ́n wá fọ́ ọ́fíìsì, tí gbogbo ọjà ń sọ pé ẹni inú ilé ló wà nídìí ẹ̀, kí ló jẹ́ kí àwa méjèèjì rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

Bàbá Akápò ò dáhùn. Wọ́n dá awò wọn padà sójú, wọ́n ní ká máa ka ìyókù.

Bàbá Alága wá kọjú sí wa. "Ẹ̀yin ọmọ wa, ìyẹn ni pé láti oṣù mẹ́jọ tí owó wa ti wà lọ́dọ̀ yín, àpótí yín ò ní ju kọ́kọ́rọ́ kan lọ? Ṣé wọn ò kọ́ yín níléèwé ni?"

Wọ́n kọ́ wa. Ohun tó dùn wá nìyẹn. Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí a ṣe lè dáàbò bo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì to ìlànà mẹ́jọ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan sọ pé kí ètò kọ̀ọ̀kan àti òǹlò kọ̀ọ̀kan má ní ju àṣẹ tó nílò láti fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òmíràn sọ pé ohun tó bá gba kọ́kọ́rọ́ méjì kó tó ṣí lágbára ju èyí tí kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí. Kọ́kọ́rọ́ méjì gan-an ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. A kọ́ ọ sórí, a kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, a gba máàkì lórí rẹ̀. Bàbá Alága ò ka àpilẹ̀kọ kankan. Wọ́n kàn ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan nínú méjì yẹn sápò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tẹ́lẹ̀, tí a bá pa òwe yìí, ohun tí à ń rò ni pé kí ọmọdé àti àgbà ran ara wọn lọ́wọ́. Ní báyìí, a tún ń gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀: kò sí ọwọ́ kan tó yẹ kó wọ ibi gbogbo, kì í sì í ṣe àbùkù ọwọ́ náà. Root tí a gbé fún gbogbo wọn, tí a pè ní ìfọkàntán, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ Àǹtí jẹ́. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò dátà ní Nàìjíríà, òfin ti ní kí ẹni tó bá ń tọ́jú orúkọ, fóònù àti owó àwọn ènìyàn dáàbò bò wọ́n bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, òfin kọ́ ló tì wá. Ojú Àǹtí lọ́jọ́ ìpàdé yẹn ni.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, fóònù tún dún, Sátidé náà ni. Àǹtí ló ń pè. Àyà wa já. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún iye owó ẹnì kan kọ, kọ̀ǹpútà ò gbà, ó kọ nǹkan síwájú àwọn. A ní kí wọ́n bá wa kà á. Wọ́n rọra ń kà á: "#1142. UPDATE command denied to user akowe."

A ní, "Àǹtí, ó ń sọ pé ẹ ò láṣẹ láti tún un kọ ni. Ẹ fi ìlà tuntun kún un, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí i."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kó máa kọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀, ó dáa. Tí wọ́n bá tún wá béèrè ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin náà á rí nǹkan sọ. Ẹ ò ní í dákẹ́ bíi ti ọjọ́ yẹn."

A ò rí èsì fọ̀. A ní kí wọ́n bá wa kí àwọn ọmọ.